Kóòtù Nìkan Ni Ó Lè Lé Ayálégbé Jáde: Àlàyé Lórí Òfin Ilé Yíyá ní Èkó

Agbára káká ni a fi lè rí abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní ọmọ tí ń gbé ní Èkó. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ, ìyá rẹ̀ di gààrí àti èlùbọ́ fún un, bàbá rẹ̀ sì ka owó lé e lọ́wọ́ kí ó fi wá yàrá. Ọ̀rọ̀ owó yàrá yìí ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé láti inú kòkó, láti inú ẹ̀gẹ́ àti láti inú èsúsú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Bí ó bá sì ṣòfò ní Èkó, ilé ni a óò tún ránṣẹ́ sí fún òmíràn.

Òfin tí ó de onílé àti ayálégbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ó kan ilé gbígbé, ó sì kan ilé tí a fi ń ṣòwò. Yálà a kọ àdéhùn sínú ìwé ni o, tàbí ẹnu lásán ni a fi ṣe é, òfin náà mọ̀ ọ́n sí àdéhùn. Àdúgbò mẹ́rin kan wà tí kò dé, àwọn ni Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni àwọn ọmọ wa sábà ń yá yàrá sí. Ní Mushin, ní Agége, ní Ajégúnlẹ̀, ní Ṣómólú àti ní Ìkòròdú ni ẹ óò ti bá wọn, òfin náà sì dé gbogbo ibẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú rẹ̀ ni èyí: onílé kò ní àṣẹ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé jáde, ìbáà jẹ́ pé ayálégbé náà jẹ owó, ìbáà sì jẹ́ pé ìjà wà láàrin àwọn méjèèjì. Òun ni ó ni ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti gba owó lórí yàrá, ó ti fi ẹ̀tọ́ gbígbé inú yàrá náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kóòtù nìkan ni ó sì lè gba ẹ̀tọ́ náà padà fún un. Onílé tí ó bá kó ẹrù ayálégbé síta, tàbí tí ó fi àgádágodo tuntun ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹni náà wà ní ibi iṣẹ́, tàbí tí ó ṣí páànù orí ilé kí òjò lè lé e jáde, ti ṣẹ̀ sí òfin. Ìyà tí òfin ọdún 2011 là sílẹ̀ fún irú rẹ̀ ni owó ìtanràn tí ó lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó oṣù mẹ́fà. Kì í sì í ṣe ìwà ipá nìkan ni òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí onílé bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu halẹ̀ mọ́ ayálégbé kí ó lè sá kúrò nínú ilé, ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí náà.

A fẹ́ kí ẹni tí ń ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí ó tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbà ní ọkàn wọn pé bí bàbá onílé bá ti wí pé kí ènìyàn jáde, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tíì bùṣe.

ÌWÉ ÌKÌLỌ̀ ÀTI ÌWÉ ỌJỌ́ MÉJE

Òfin kò wí pé kí onílé má gba ilé rẹ̀ padà. Ọ̀nà kan ni ó là fún un, ó sì yẹ kí a mọ ọ̀nà náà kí ẹ̀rù má baà bà wá láìnídìí, kí a má sì ṣe jókòó gẹlẹtẹ nígbà tí ó yẹ kí a máa wá ilé mìíràn. Ìwé ìkìlọ̀ ni àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní kúìtì nótíìsì. Bí àdéhùn kò bá sọ iye àkókò tí ìwé yìí yóò ní, òfin ti sọ ọ́. Ẹni tí ń san owó ní oṣooṣù yóò ní oṣù kan. Ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà yóò ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ń san án ní ọdọọdún yóò sì ní oṣù mẹ́fà.

Ẹ kíyè sí i pé a wí pé bí àdéhùn kò bá sọ ọ́. Bí ìwé àdéhùn bá wí pé oṣù kan péré ni a óò fún ẹni tí ó san owó ọdún kan, tí ayálégbé sì fi ọwọ́ sí i, ohun tí ó fi ọwọ́ sí ni yóò dè é. Bákan náà, bí àdéhùn bá jẹ́ ti àkókò kan pàtó tí a dá, tí àkókò náà sì ti pé, onílé kò nílò kúìtì nótíìsì mọ́, ìwé ọjọ́ méje nìkan ni yóò kọ. Nítorí náà, kí ọmọ yín má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé tí kò kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ejẹ́ńtì dúró tì í tí ó ń wí pé ènìyàn mẹ́ta ni ó ń dúró de yàrá náà.

Ìwé ọjọ́ méje tí a dárúkọ yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Lẹ́yìn tí àkókò kúìtì bá ti kọjá tí ayálégbé kò sì jáde ni onílé ń fún un. Àwọn tí ó bá gbà á a máa rò pé bí ilẹ̀ ọjọ́ keje bá ti mọ́, a óò kó ẹrù wọn sójú títì, àwọn mìíràn a sì ti sá lọ sí ilé ẹbí ní òru ọjọ́ kẹfà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ìwé náà ń wí kò ju pé onílé ń lọ sí kóòtù lọ. Kóòtù yóò fi ìwé pe ayálégbé, yóò gbọ́ ti onílé, yóò sì gbọ́ ti ẹnu tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá dá onílé láre, òun ni yóò dá ọjọ́ tí ayálégbé gbọ́dọ̀ jáde. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, akódà kóòtù, tí a ń pè ní bélíìfù, ni yóò wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Onílé kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ akódà. Ẹni tí kóòtù bá pè, kí ó lọ o. Bí kò bá lọ, a lè dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ayálégbé kan ń dá tí kò wúlò. Wọn a kọ̀ láti na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ onílé, kí wọ́n lè wí ní kóòtù pé àwọn kò rí ìwé kankan. Òfin gbà pé kí a fi ìwé náà lé àgbàlagbà mìíràn tí ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́, ó sì gbà pé kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó hàn gbangba lára ilé, bí ẹ̀rí bá ti wà pé a lẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó gba ìwé rẹ̀, tí ó wo ọjọ́ tí a kọ sí i, tí ó sì ka oṣù rẹ̀ dáradára, òun ni ó mọ̀ bí àkókò tí a fún un bá kéré sí ti òfin.

Ní ti gbèsè, ẹni tí ń san owó ní oṣooṣù tí ó sì jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti tú lójú òfin, kóòtù lè pàṣẹ kí ó jáde kí ó sì san gbèsè náà. Kóòtù náà ni, kì í ṣe onílé.

OWÓ ỌDÚN MÉJÌ

Òfin wí pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, bí ó bá jẹ́ olówó oṣooṣù, a kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ olówó ọdọọdún, ti ọdún kan ni. Síbẹ̀, owó ọdún méjì kò ṣàjèjì ní Èkó. Ìdí àkọ́kọ́ kò ṣòro láti mọ̀: yàrá kò tó, ènìyàn pọ̀, bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò san án. Ìdí kejì wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Òfin kò dá ẹni tí ó gba owó náà nìkan lẹ́bi, ó dá ẹni tí ó san án lẹ́bi pẹ̀lú. Ìyà kan náà ni ó sì wà fún àwọn méjèèjì, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní èrò tiwa, apá òfin yìí ni ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ta ni yóò lọ fi ẹjọ́ sùn nígbà tí òun náà lè di ẹlẹ́ṣẹ̀?

Ìgbà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀, nígbà náà, ni kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Bí ọmọ bá ránṣẹ́ sílé pé owó ọdún méjì ni onílé fẹ́ gbà, kí ẹ tó ta ewúrẹ́ tàbí kí ẹ fi oko dógò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó mọ̀ pé òfin kò fún onílé ní àyè bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ èyí fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn onílé mìíràn kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn ń dá. Ẹ má sì gbàgbé pé owó ilé nìkan kọ́ ni yóò san. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Èkó, ejẹ́ńtì a máa gba náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún, agbẹjọ́rò tí ó kọ àdéhùn a sì máa gba mẹ́wàá mìíràn. Bí yàrá bá jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, ₦60,000 ti kún un kí ọmọ tó gbé ẹní rẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ ejẹ́ńtì yìí gba ìṣọ́ra. Àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn, àwọn oníjìbìtì sì wà tí wọn ń gba owó yàrá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọn a sì pa fóònù wọn. Kí ọmọ yín má san owó kí ó tó fi ojú rí onílé tàbí ẹni tí onílé fi àṣẹ fún, kí ó sì bi àwọn tí ń gbé inú ilé náà léèrè ẹni tí wọ́n ń san owó fún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì kan tí ń bójú tó iṣẹ́ àwọn ejẹ́ńtì, Lagos State Real Estate Regulatory Authority ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a lè fi ejẹ́ńtì tí ó lu ni ní jìbìtì sùn sí.

Bí onílé bá fi owó kún owó ilé ní àfikún tí ó pọ̀ jù, ayálégbé tí ó ti wà níbẹ̀ lè gba kóòtù lọ láti béèrè pé kí a wò ó bóyá ó bọ́ sí i. Kóòtù yóò wo iye tí a ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà, ó sì lè dín in kù. Ṣùgbọ́n bí ìwé àdéhùn bá ti sọ iye tí a óò máa fi kún un, ohun tí ó wà nínú ìwé ni a óò kọ́kọ́ wò.

RÌSÍÌTÌ

Ní ilẹ̀ wa, a kì í pe onílé ní orúkọ. Bàbá onílé ni, tàbí ìyá onílé, a sì ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní òwúrọ̀. Ọ̀wọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ojú máa ti ọ̀pọ̀ ọmọ láti béèrè rìsíìtì, nítorí ó dà bí ẹni pé wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé àgbà. Kí wọn mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń béèrè rẹ̀, òfin ni. Onílé tí ó gba owó tí kò kọ rìsíìtì lè san ìtanràn ₦10,000. Ọjọ́ tí a san owó, orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ojú bá ń ti ọmọ, ẹ kọ́ ọ kí ó wí báyìí: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi kọ rìsíìtì rẹ̀; àwọn bàbá mi nílé yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi." Kò sí àgbà tí yóò bínú sí èyí. Kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní tòótọ́, kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí yín ní abúlé. Ní ọjọ́ tí onílé bá wí pé òun kò gba owó, tàbí tí ó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ wí pé àwọn kò mọ ayálégbé náà rí, ìwé kékeré yìí ni yóò sọ̀rọ̀.

ILÉ TÍ KÒ YẸ NÍ GBÍGBÉ

Ẹni tí ó san owó ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà. Onílé kò gbọdọ̀ máa wọ yàrá rẹ̀ bí ó bá ti wù ú; bí ó bá fẹ́ yẹ ilé rẹ̀ wò, kí ó kọ̀wé sọ tẹ́lẹ̀, kí ó sì wá ní ọ̀sán ní àkókò tí ó tọ́. Kò gbọdọ̀ gé omi tàbí iná tí gbogbo ilé ń lò láti fi jẹ ẹnì kan níyà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé nítorí gbèsè. Àtúnṣe ẹ̀yìn ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò jẹ́ iṣẹ́ onílé. Bí ó bá ń gba owó lọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, rìsíìtì ọ̀tọ̀ ni kí ó kọ fún un, kí ó sì máa fi ìṣirò owó náà hàn ní ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Bí ilé ìgbẹ́ bá kún tí onílé kò dá a lóhùn, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ni a óò lọ bá. Iṣẹ́ wọn kò tíì parẹ́. Bí ògiri bá là tàbí òpó bá ń tẹ̀, Lagos State Building Control Agency ni ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn, kí a má sì ṣe dúró de ọjọ́ kejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní Ìta-Fáájì ní Erékùṣù Èkó, ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì kú síbẹ̀. Ẹni tí ń gbé inú ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ibi tí ó là.

IBI TÍ A LÈ FI ẸJỌ́ SÙN

Kí ènìyàn tó lọ sí ibikíbi, kí ó kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, ìwé tí onílé kọ sí i, àwòrán ilẹ̀kùn tí a tì tàbí páànù tí a ṣí, ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀, àti orúkọ àwọn tí ó ṣe ojú wọn.

Ibi tí a rò pé ó dára kí a kọ́kọ́ lọ ni ilé ìlàjà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, èyí tí ń jẹ́ Citizens' Mediation Centre. Wọn kì í gba owó. Ẹni tí ó ní ẹjọ́ yóò ro tirẹ̀, wọn yóò kọ̀wé pe onílé, wọn yóò sì jókòó láàrin àwọn méjèèjì títí wọn yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ lè fì sí. A óò kọ ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí, wọn yóò sì fi ọwọ́ sí i. Kò jìnnà sí bí àwọn àgbà ti ń parí ìjà ní ilé wa, ó sì bá ẹni tí yóò tún máa gbé lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú onílé mu ju kóòtù lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Public Defender ti ìjọba, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń ṣe iṣẹ́ fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí a bá lu ènìyàn, tàbí tí a ń kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́wọ́lọ́wọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ó sáré lọ. Ṣùgbọ́n gbígba owó ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 wí pé a kò lè mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan. Nítorí náà onílé tí ó mú ọlọ́pàá wá láti ti ayálégbé mọ́lé nítorí gbèsè kò bá ọ̀nà òfin lọ.

Ayálégbé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó san owó ní àkókò, kí ó san owó iná tí ó jẹ, kí ó tọ́jú yàrá, kí ó má ṣe wó ògiri tàbí kí ó fi yàrá náà fún ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Bí ó bá gba ìwé àṣẹ tí ó sì fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe, ó lè béèrè owó náà padà ní ọjọ́ tí onílé bá ní kí ó jáde. Bí kò bá gba ìwé, owó rẹ̀ lè bá ilé lọ.

Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun lórí onílé àti ayálégbé dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Gbogbo iye owó àti iye oṣù tí a kọ sí òkè yìí jẹ́ ti òfin ọdún 2011. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé ìlàjà tàbí sí kóòtù, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé níbẹ̀ bóyá wọ́n ti yí èyíkéyìí padà, kí ó tó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀.